Òwú tí ọkọ mi rà lóru ọjọ́ tí mo bímọ: ṣé òun ló jẹ́ kí ojú iṣẹ́ abẹ mi là?

Aránṣọ Sábó

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á.

Aránṣọ ni mí, nítòsí Sábó níbí ní Ìkòròdú. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti wà nídìí máṣíìnì. Àkọ́bí mi pé ọmọ ọjọ́ méjìlá lónìí, CS, ìyẹn iṣẹ́ abẹ ìbímọ, ni wọ́n fi gbẹ̀bí rẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ ni mo ti ń rọbí, omi já ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán, ilẹ̀ ṣú, ọmọ kò sọ̀. Nígbà tó di aago mọ́kànlá alẹ́, dókítà ní orí ọmọ ti há, àfi iṣẹ́ abẹ. Mo sunkún gan-an. Ṣùgbọ́n ọmọ ké, ó ké dáadáa, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ibi tí òwú ti wọ ọ̀rọ̀ nìyí. Kí wọ́n tó gbé mi wọ tíátà, wọ́n kọ ìwé kékeré kan lé ọkọ mi lọ́wọ́ pé kó lọ ra àwọn nǹkan tí kò sí nílẹ̀ lóru yẹn: ìbọ̀wọ́, omi tí wọ́n ń fà síni lára, abẹ́rẹ́, àti òwú. Ọ̀kadà ló gùn. Kẹ́mísìtì àkọ́kọ́ ti ti ilẹ̀kùn. Ní ìkejì, ó bá òwú Vicryl tí wọ́n kọ fún inú, ṣùgbọ́n òwú Monocryl tí wọ́n kọ fún awọ òde kò sí. Ẹni tó ń tajà ní kó mú Vicryl tín-ín-rín dípò rẹ̀, pé iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe, owó rẹ̀ sì dín. Ó mú un. Dókítà wò ó, ó ní kò burú, òun ni wọ́n fi rán mi.

Obìnrin tó wà ní bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ mi, náílọ́nù dúdú ni wọ́n fi rán tirẹ̀. Mo rí i nígbà tí wọ́n ń pààrọ̀ báńdééjì rẹ̀. Òde ló wà ketekete, mo ka ojú ìrán náà, ó jẹ́ mẹ́sàn-án, gbogbo kókó rẹ̀ sì wà ní ẹ̀gbẹ́ kan náà bíi pé wọ́n fi rúlà wọ̀n ọ́n. Tèmi kò hàn rárá. Abẹ́ awọ ni wọ́n gbé òwú gbà, bí a ṣe ń ṣẹ́tí aṣọ olówó ńlá tí a kò fẹ́ kí òwú hàn lójú. Mo tilẹ̀ yin ọwọ́ dókítà náà nínú ọkàn mi. Ní ọjọ́ keje wọ́n tú òwú obìnrin yẹn, ó fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ó ti pa dé.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án ni mo jí tí mo bá iwájú aṣọ ìwọ̀sùn mi ní tútù. Mo tan iná fóònù, mo fi díńgí wò ó. Ní ìparí lápá ọ̀tún, ojú ibẹ̀ ti là, kò ju orí ìka ọmọdé lọ. Omi tó ń jáde dà bí omi tí a fi ṣan ẹran, kò rùn. Fọ́nrán òwú kan sì yọ sóde níbẹ̀, bí ẹnu òwú tí ọmọṣẹ́ gbàgbé láti gé. Ọwọ́ mi fẹ́ lọ fà á, mo ká a kò.

Láti ìgbà náà, ilé ò rójú. Ìyá ọkọ mi ní omi gbígbóná ni wọn kò fi jó ikùn mi, pé ẹ̀jẹ̀ dídì ló ń wá ọ̀nà jáde. Ìyá tí a jọ ń gbé ilé ní kí n tú kápúsù oògùn, kí n bu ìyẹ̀fun rẹ̀ sí i, yóò gbẹ láàárín ọjọ́ méjì. Ọkọ mi ní tirẹ̀ kì í sọ̀rọ̀. Mo rí páálí òwú yẹn nínú wọ́lẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó tọ́jú rẹ̀ látọjọ́ náà. Alẹ́ àná ló tó sọ ọ́ jáde pé òun ni òun fi òwú ọ̀pọ́ rán ìyàwó òun.

Mo mọ òwú. Mo mọ̀ pé òwú burúkú máa ń já lára aṣọ tó dára. Ṣùgbọ́n ara kì í ṣe aṣọ, ìdí nìyẹn tí mo fi ń béèrè. Ṣé òwú ló fà á? Ṣé náílọ́nù ló yẹ kí wọ́n fi rán mi bíi ti obìnrin yẹn? Kí ni kí n ṣe sí ẹnu òwú tó yọ yìí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí.

Ìyá Ìbejì Ìgbógbo

Ẹ kú ewu ọmọ o, àbúrò mi. Ọlọ́run yóò dá a sí.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti ṣe CS fún mi, náílọ́nù ni lẹ́ẹ̀mejèèjì, kò là rí. Nítorí náà ní tèmi, náílọ́nù ló dára jù. Ṣùgbọ́n n kò ní parọ́ fún ọ, ìgbà tí wọ́n ń tú u, mo fi eyín dí aṣọ. Àpá tèmi sì ti wú, ó le, ó ń dán, ó máa ń yún mi tí òórùn bá mú. Àwọn àmì abẹ́rẹ́ lókè àti nísàlẹ̀ wú tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bí ẹsẹ̀ ọ̀kùn. Bóyá tìẹ tí kò hàn yìí yóò dára ju tèmi lọ tó bá jinná.

Omi gbígbóná yẹn, má gbà. Mo mọ ẹni tó gbà á níhìn-ín ní Ìgbógbo, bíbó ni ara rẹ̀ bó lórí egbò. Bá ìyá ọkọ rẹ sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ìfẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é, ohun tí àwọn ìyá wọn ṣe fún wọn ni. Sọ pé dókítà ló ní kí o má ṣe é, wọn yóò gbà.

Ọmọ Apẹja Báyékù

Ọkùnrin ni mí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú pé mo dá sí i. Nítorí ọkọ yín ni mo ṣe ń kọ̀wé.

Lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, ojú iṣẹ́ abẹ ìyàwó mi là bíi tiyín yìí gẹ́lẹ́, kékeré, omi nìkan. A pè síbi tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ náà, n kò ní dárúkọ ibẹ̀, ẹni tó gbé fóònù ní tó bá di ọjọ́ tí wọ́n dá fún wa kí a máa bọ̀. A dúró. Ọjọ́ márùn-ún la fi dúró. Gbogbo àgbàlá ló ní oògùn tirẹ̀: òrí, àdín, sípírítì, gbogbo rẹ̀ la fi sí i. Nígbà tí a máa fi dé ọsibítù mìíràn, ara rẹ̀ ti gbóná, egbò náà ti ń rùn, wọ́n sì ní láti tú u, kí wọ́n fọ̀ ọ́ lójoojúmọ́ títí ẹran tuntun fi yọ, kí wọ́n tó tún un rán. Ọjọ́ mẹ́tàlélógún la lò níbẹ̀. Ọjọ́ márùn-ún yẹn ló ń dùn mí dòní, kì í ṣe òwú. Ẹ sọ fún ọkọ yín pé owó ọkọ̀ tí yóò fi gbé yín lọ lónìí ni kó máa rò, kó fi páálí yẹn sílẹ̀.

Ní ti òwú, bàbá mi ń hun àwọ̀n létí ọ̀sà, èmi náà ń tún un ṣe. Èyí tí wọ́n lọ́ pọ̀, tó jẹ́ fọ́nrán púpọ̀ nínú ọ̀kan, ó rọ̀, kókó rẹ̀ kì í tú, ṣùgbọ́n ó máa ń mu omi, èèhọ̀n a sì wọ inú rẹ̀. Èyí tó jẹ́ fọ́nrán kan ṣoṣo máa ń mọ́, omi a ṣàn kúrò lára rẹ̀, ṣùgbọ́n kókó rẹ̀ máa ń yọ̀ bí ọwọ́ ẹni tó ta á kò bá mọ̀ ọ́n ta. N kò mọ̀ bóyá ti ọsibítù rí bẹ́ẹ̀.

Màmá Nọ́ọ̀sì

Aránṣọ, ọmọ mi, kú ewu ọmọ. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí kí n tó fẹ̀yìntì, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ní wọ́ọ̀dù àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ.

Kí n tó sọ ọ̀rọ̀ òwú rárá: lọ sí ọsibítù lónìí. Bí ibi tí wọ́n ti ṣe é bá jìnnà, ọsibítù Jẹ́nẹ́rà Ìkòròdú kò jìnnà sí Sábó. Ihò tó kéré lóde lè jìn nínú. Ọ̀nà tí a fi ń mọ̀ ni kí ẹni tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ wọ ìbọ̀wọ́ mímọ́, kó fi igi olówùú mímọ́ wá ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́jẹ́, kó wò ó bóyá awọ funfun líle tó wà lábẹ́ ọ̀rá ṣì dé. Bí ìyẹn bá dé, ọ̀rọ̀ náà rọrùn. Omi bí omi ẹran tí kò rùn, lọ́pọ̀ ìgbà, omi ara tó gbá jọ sínú ọ̀rá ló ń wá ọ̀nà jáde. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ dídì láti inú ilé ọmọ bí ìyá ọkọ rẹ ṣe rò, ẹ̀jẹ̀ ilé ọmọ ní ọ̀nà tirẹ̀ tó ń gbà.

Àwọn ohun tí kò gbọ́dọ̀ dúró di ilẹ̀ mọ́, bó bá tilẹ̀ jẹ́ aago méjì òru: ara gbígbóná tó dé 38, òtútù tó ń mú ọ gbọ̀n, ọyún, òórùn, ẹ̀jẹ̀ ojú ara tó ń rùn, tàbí kí omi pupa ṣàdédé tú jáde púpọ̀ nígbà tí o bá wúkọ́, bíi pé nǹkan já nínú. Èyí tó kẹ́yìn yẹn, dùbúlẹ̀, fi aṣọ mímọ́ tí a fi omi mímọ́ rin bò ó, kí wọ́n gbé ọ lọ lójú ẹsẹ̀. Wọ́n máa ń kọ ọ́ sínú ìwé pé kí a wo bóyá ojú egbò pọ́n. Ara wa dúdú, pípọ́n kì í tètè hàn lára wa. Ẹ̀yìn ọwọ́ ni kí o fi wò ó: ṣé ó gbóná ju ikùn tó kù lọ, ṣé ó le, ṣé ó ń dán, ṣé líle náà ń fẹ̀ sí i láti àárọ̀ dé alẹ́. Bí o bá ní bírò, fa ìlà yí etí rẹ̀ ká, kí o rí i bóyá ó kọjá ìlà.

Ó yá, òwú.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ojú kan ni wọ́n rán. Ìwọ aránṣọ yóò yé ọ kíákíá: aṣọ onítẹ́ẹ́lẹ̀ ni. Ilé ọmọ fúnra rẹ̀ wà nísàlẹ̀ pátápátá, wọ́n rán an ní ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì. Lókè rẹ̀ ni awọ funfun líle tí mo sọ, òun ló di ikùn mú kí ìfun má yọ, òwú tó lágbára jù ni wọ́n ń fi sí i. Lẹ́yìn náà ọ̀rá. Bí ó bá nípọn tó sẹ̀ǹtímítà méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, rírán rẹ̀ máa ń dín ihò tí omi ń gbá jọ sí kù. Òkè pátápátá ni awọ tí ìwọ ń rí nínú díńgí. Òwú tí ọkọ rẹ pààrọ̀, ti awọ òkè yẹn nìkan ni. Ohun tó di ikùn rẹ mú kò sí lọ́wọ́ rẹ̀.

Òwú ilé ọmọ ti dá àríyànjiyàn sílẹ̀ rí. Àwọn dókítà kan fẹ́ Vicryl, àwọn kan fẹ́ catgut. Orúkọ catgut jọ ti ológbò létí ẹni tó gbọ́ Òyìnbó, ṣùgbọ́n ìfun àgùntàn tàbí ti màlúù ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọ́n dán méjèèjì wò nínú ìwádìí ńlá kan tí wọ́n pè ní CORONIS, àwọn obìnrin tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 16,000 ní orílẹ̀-èdè méje, Gánà àti Kẹ́ńyà wà níbẹ̀. Èsì rẹ̀ jáde ní 2013: láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn ìbímọ, kò sí ìyàtọ̀ gidi láàárín òwú méjèèjì.

Ti awọ òkè ni ìyàtọ̀ díẹ̀ ti wà, ohun tí Ọmọ Apẹja sọ nípa àwọ̀n sì bá a mu gan-an. Vicryl, lílọ́ ni wọ́n lọ́ ọ pọ̀, ó rọ̀ lọ́wọ́, kókó rẹ̀ ń dúró, ṣùgbọ́n kòkòrò àìfojúrí ń rí àyè sá sí láàárín fọ́nrán rẹ̀. Monocryl, fọ́nrán kan ṣoṣo. Àwọn méjèèjì ni ara ń jẹ tán fúnra rẹ̀: Vicryl láàárín ọjọ́ 56 sí 70, Monocryl láàárín ọjọ́ 91 sí 119. Náílọ́nù ti obìnrin ẹ̀gbẹ́ rẹ, fọ́nrán kan ni òun náà, ara kì í jẹ ẹ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tú u.

Ní 2017, ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà lórí ohun tó ń jẹ ọkọ rẹ lọ́kàn yìí gan-an, Monocryl àti Vicryl fún awọ òkè lẹ́yìn CS, àwọn obìnrin 520. Nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n fi Monocryl rán, ojú egbò yọ 8.8 lẹ́nu. Nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n fi Vicryl rán, 14.4. Nítorí náà dókítà tó kọ Monocryl sínú ìwé ní ìdí tó fi kọ ọ́. Ṣùgbọ́n jókòó ti ọkọ rẹ kí ẹ jọ ṣírò rẹ̀. Bí ó bá rí Monocryl rà, ó ṣì kù bíi mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún tí yóò rí wàhálà. Àti nínú àwọn tí wọ́n fi Vicryl rán, bíi márùndínláàádọ́rùn-ún ló jinná láìsí nǹkan kan. Kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé òwú yẹn ló là ọ́. Lóru yẹn, òwú mímọ́ tí wọn kò tíì tú páálí rẹ̀ ló gbé dé, ó sì gbé e dé lákòókò. Mo ti rí òru tí kò sí ẹni tó rí nǹkan kan gbé dé.

Bí ẹ bá bi mí ní ohun tí mo fura sí ju òwú lọ: omi rẹ já láago méjì ọ̀sán, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ lẹ́yìn aago mọ́kànlá. Ó lé ní wákàtí mẹ́sàn-án tí ọ̀nà ti ṣí sílẹ̀ fún kòkòrò, o ń rọbí, wọ́n sì ń yẹ̀ ọ́ wò lábẹ́. Ìyẹn wúwo ju òwú lọ. Ẹ̀jẹ̀ tí kò tó náà wúwo, ìtọ̀ ṣúgà wúwo, ọ̀rá ikùn tó nípọn wúwo. Apakòkòrò tí wọ́n ń gún fún ìyá kí abẹ tó kan awọ, láàárín wákàtí kan ṣáájú, wà lára ohun tó ń dáàbò bo ojú egbò jù lọ. Ẹ̀yin tí ẹ máa ṣe CS lọ́jọ́ iwájú, ẹ bi wọ́n léèrè pé ṣé ẹ ti gún un. Ìbéèrè yìí kì í ṣe àrífín.

Nísinsìnyí ẹnu òwú tó yọ. Má fà á. O mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ìṣẹ́tí tí a bá fa ẹnu òwú rẹ̀. Òwú tìrẹ lọ láti ìparí kan dé ìparí kejì lábẹ́ awọ, ìparí ni kókó wà, kókó ló sì sábà máa ń yọjú nítorí òun ló tóbi jù, tó pẹ́ jù kí ara tó jẹ ẹ́ tán. Nọ́ọ̀sì yóò gé e mọ́ awọ, ìṣẹ́jú kan ni.

O tún ní òwú burúkú máa ń já lára aṣọ. Lára ènìyàn, òwú kò wà fún ayérayé. Bí ẹ ṣe ń gán aṣọ kí ẹ tó fi máṣíìnì gbà á ni, kó má yẹ̀ títí iṣẹ́ gidi yóò fi parí. Ẹran ara ló ń ṣe iṣẹ́ gidi náà. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, agbára Vicryl ti dín sí ìdajì, ojú egbò fúnra rẹ̀ kò sì tíì ní ju nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún agbára awọ tí a kò là rí. Ó di oṣù mẹ́ta kó tó ní nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún, kì í sì í padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ pátápátá. Nítorí náà bí kò bá dùn ọ́ mọ́ ní ọ̀sẹ̀ kẹta, má lọ gbé garawa omi. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni òwú ń rọ̀ tí ara kò sì tíì le.

Omi gbígbóná, rárá. Ìyẹ̀fun kápúsù, rárá: ó ń di èèpá lórí egbò tí ìdọ̀tí ń pamọ́ sábẹ́ rẹ̀, kò sì wọ ibi tí kòkòrò wà. Sípírítì ń pa ẹran tuntun tó ń hù. Omi mímọ́ àti ọṣẹ tí kò le nígbà tí o bá ń wẹ̀, jẹ́ kó ṣàn kọjá lórí rẹ̀, fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́ gbẹ, má fi ra á. Bí ikùn rẹ bá bò ó mọ́lẹ̀ nígbà tí o bá jókòó, dùbúlẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí atẹ́gùn fẹ́ sí i. Pátá tó ga dé ìdodo ni kí o wọ̀, kí rọ́bà rẹ̀ má bàa jókòó sórí egbò.

Kí o sì jẹun. Mo rí àwọn ìyá tí wọ́n fún ní ẹ̀kọ àti ẹ̀bà nìkan fún ogójì ọjọ́, pé ẹyin àti ẹ̀wà kò dára fún egbò. Kí ni wọ́n fẹ́ kí ara fi hun awọ? Ẹja, ẹyin, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, ọsàn. Ìkòròdú kọ́ ni ẹja ti wọ́n jù.

Ìyá Ìbejì, ti àpá tó wú yẹn, ìṣẹ̀dá ara ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ara àwa aláwọ̀ dúdú máa ń ṣe é gan-an. Bí ó bá dúró sójú ìlà ibi tí wọ́n là, ó lè rọlẹ̀ fúnra rẹ̀ bí ọdún ṣe ń gorí ọdún. Bí ó bá ń tàn kọjá ibẹ̀, kẹ́lọ́ìdì ni. Abẹ́rẹ́ wà tí àwọn dókítà awọ ara ń gún sí i, ó máa ń jẹ́ kó rọlẹ̀, kí yíyún náà dín kù. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé e fún ọ lásán, ó máa ń padà wá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Aránṣọ Sábó

Màmá, ẹ ṣé, mo kúnlẹ̀ níbi tí mo wà. Mo ka ibi ìṣirò yẹn sókè fún ọkọ mi. Kò dáhùn, ó kàn dìde, ó lọ wá kẹ̀kẹ́ márúwá.

Ohun méjì ló kù. Máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ ni mò ń lò, aṣọ ẹbí kan sì wà nílẹ̀ tí wọ́n fẹ́ gbà ní ìparí oṣù. Ṣé mo lè tẹ̀ ẹ́? Tí wọ́n bá sì fún mi ní apakòkòrò, ọmọ tó ń mu ọmú ńkọ́?

Màmá Nọ́ọ̀sì

Fi máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ sílẹ̀ títí wọ́n yóò fi yẹ̀ ọ́ wò ní ọ̀sẹ̀ kẹfà. Ikùn ni títẹ̀ ẹ́ ń lò, kì í ṣe ẹsẹ̀ nìkan. Ọwọ́ lo lè fi rán bọ́tìnnì àti ìṣẹ́tí lórí àga tó ní ẹ̀yìn. Kí ọmọṣẹ́ tẹ èyí tó kù. Ohunkóhun tó bá wúwo ju ọmọ rẹ lọ, má gbé e.

Má ra apakòkòrò fúnra rẹ. Sọ fún dókítà pé o ń fún ọmọ lọ́mú, ọ̀pọ̀ wà tí kò pa ọmọ lára, wọn yóò yan nínú rẹ̀, má sì dáwọ́ ọmú dúró. Nígbà tí o bá ń fún un lọ́mú, gbé e sábẹ́ apá bí ẹni gbé pọ́ọ̀sì, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ sí ẹ̀yìn rẹ, kó má tapá sí egbò. Tí o bá fẹ́ wúkọ́ tàbí sín, fi ìrọ̀rí tẹ ojú iṣẹ́ abẹ náà mọ́ra.

Kí n sọ èyí tí mo gbàgbé: ẹ fún ilé ọmọ láàyè tó ọdún méjì kí oyún mìíràn tó dé. Ìbí tó ń bọ̀, níbi tí tíátà wà ni kí o ti bí i, bí ó bá tilẹ̀ wá lọ́nà ojú ara.

Aránṣọ Sábó

Ẹ kú ilé o. Ọjọ́ kẹfà rèé tí a ti lọ.

Nọ́ọ̀sì tó tọ́jú mi ti igi olówùú bọ ibẹ̀, kò wọlé tó ìpín àkọ́kọ́ ìka rẹ̀. Ó ní nísàlẹ̀ dé gbọn-in. Ó tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, omi tó kù jáde, ó dùn mí díẹ̀. Ó gé ẹnu òwú náà, kókó kékeré ni lóòótọ́, ó fi hàn mí lórí gọ́ọ̀sì, àwọ̀ àlùkò, ó kéré ju èyí tí mo fi ń parí bọ́tìnnì lọ. Wọn kò tún un rán. Wọ́n ní kó máa hù láti ìsàlẹ̀ wá sókè, kí òde má ṣáájú inú pa dé. Mo ń lọ pààrọ̀ gọ́ọ̀sì rẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta, ìka kò wọ̀ ọ́ mọ́.

Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, PCV mi, ìyẹn ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀, jẹ́ 27, kò tó. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi tẹ́lẹ̀. Wọ́n fún mi ní oògùn ẹ̀jẹ̀, ìyá ọkọ mi sì ti gbàgbé omi gbígbóná, ẹja ló kù tí wọ́n ń lé mi kiri pẹ̀lú. Èpìyà méjì lóòjọ́. Ẹ̀gbọ́n Ọmọ Apẹja, ọkọ mi ní kí n kí yín, kí n sì kí ìyàwó yín.

Ọjọ́ Ajé ni mo tún ń padà lọ.